Bọ́ọ̀lù Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Ilé Ehoro

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìwé yìí kọjá lè tètè ṣí i. Èmi ni mo sọ àbúrò mi di aláàbọ̀ ara nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọkùnrin mìíràn ló ru ẹ̀bi rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi sì ń wò ó láti ojú fèrèsé ilé ìdáná wa.

Aaltje ni orúkọ mi. Drenthe ní Họ́lándì ni a wà, ní abúlé kan tí ilé rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, tí gbogbo wọn tò sí etí odò tí àwọn baba wa fi ṣọ́bìrì gbẹ́. Ilé kẹrin ni tiwa: bàbá mi, màmá mi, èmi, àti Egbert àbúrò mi. Lammert àti Jantien ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ilé karùn-ún. Lammert kò fẹ́yàwó rí. Ó ní màlúù, ó ní katakata, ó sì fẹ́ràn Egbert bí ẹni pé òun ló bí i.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ilé rẹ̀ kàn ọ́ ni aládùúgbò kìíní rẹ. Bí wàhálà bá dé, òun ló ń bọ́ ẹran rẹ. Bí o bá kú, òun ló ń wẹ̀ ọ́, òun ló ń wọṣọ fún ọ, òun náà ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti túfọ̀ rẹ. Ẹ lè máà kí ara yín fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n bí ikú bá wọlé, aládùúgbò kìíní gbọ́dọ̀ wá. Lammert ni aládùúgbò kìíní wa.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni gbogbo abúlé máa ń yin garawa bí ìbọn. Garawa wàrà àtijọ́ ni, onírin, tó ga dé ìbàdí ènìyàn. Wọn á dà á dùbúlẹ̀, wọn á ju kábáìdì, òkúta tí àwọn ajórin ń lò, sínú rẹ̀, wọn á wọ́n omi sí i, wọn á dí ẹnu rẹ̀ pa, wọn á wá fi iná kan ihò kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀. Bó bá dún, fèrèsé á gbọ̀n. Láyé àwọn bàbá wa, ìdérí onírin ni wọ́n fi ń dí i. Ṣùgbọ́n ìdérí ti ṣẹ́ ẹnìkan lẹ́sẹ̀ rí, láti ìgbà náà ni Lammert, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yìn ín lọ́dọ̀ wa, ti ní bọ́ọ̀lù ni a ó máa lò. Ó kó gbogbo ìdérí sínú àká rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àwọn ọmọdé ló máa ń dúró ní iwájú pápá láti gba bọ́ọ̀lù náà. Ẹni tó bá gba èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ní àkàrà ìyẹ̀fun, gbígbóná, tí wọ́n wọ́n ṣúgà lé lórí. Kò sí ọmọ tó lè sáré bí Egbert. Ó tilẹ̀ ti fi ọ̀dà dúdú kọ lẹ́tà E gàdàgbà sára bọ́ọ̀lù pupa kan pé tòun nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Èmi ní tèmi, àwo àkàrà ni mò ń gbé kiri. Obìnrin kì í yin garawa nígbà náà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ Lammert pé kó jẹ́ kí n yin ẹyọ kan péré. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó di àmọ́dún, Aaltje." Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, ọ̀rọ̀ àmọ́dún sì ti sú mi.

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ọkùnrin wọlé lọ jẹun, kí ara wọn sì móoru díẹ̀. Màlúù Lammert kan ń rọbí lọ́wọ́, nítorí náà ilé ẹran ni òun gbà lọ. Ó ní kí n máa wo àwọn garawa, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n títí òun yóò fi dé. Èmi àti Egbert ló kù ní pápá. Egbert kò fẹ́ wọlé, kí ọmọ mìíràn má baà gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìgbà yẹn ni àwọn ará òdìkejì odò yin tiwọn. Wọn ò fi ìdérí onírin sílẹ̀ ní tiwọn. Ariwo náà wọ̀ mí láyà. Nígbà tó rọlẹ̀, ohùn àwọn ọmọkùnrin wọn dún wá sórí omi.

"Ẹ̀yin ará ibẹ̀un, ṣé ẹ ṣì ń húkọ́ ni? Ẹ fún ìyá àgbà yín lóògùn."

Mo wo garawa tó wà níwájú mi. Bọ́ọ̀lù Egbert ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àká Lammert wà, bí òun náà ṣe mọ̀ pé abẹ́ ìkòkò òdòdó ni tiwa máa ń wà. Mo ní kí n kàn lọ wo àwọn ìdérí náà. Nígbà tí mo wò wọ́n tán, mo ní kí n kàn gbé ẹyọ kan. Nígbà tí mo gbé e, ó tutù, ó wúwo, ó sì bá ọwọ́ mi mu.

Mo yọ bọ́ọ̀lù kúrò. Lammert máa ń ka bọ́ọ̀lù rẹ̀, bó bá sì rí ẹyọ kan nílẹ̀, á mọ̀ pé mo ti ṣe nǹkan. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé wa, mo tì í sínú ilé ehoro, mo fi koríko gbígbẹ bò ó. Nígbà tí mo padà dé pápá, mo ju kábáìdì sínú garawa, mo wọ́n omi sí i, mo sì fi ìdérí náà dí ẹnu rẹ̀ pa. Egbert kò rí mi. Ó ti wà ní iwájú pápá, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ kí ó lè rí ibi dúró dáadáa.

Mi ò sọ fún un. Ohun tí ẹ máa bi mí nìyẹn, mo sì ti bi ara mi títí. Mo fẹ́ kí ariwo náà ya òun náà lẹ́nu. Mo pè é pé kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, tí mi ò sì gbé ohùn sókè, nítorí mi ò fẹ́ kí Lammert gbọ́ mi láti ilé ẹran.

Bọ́ọ̀lù ni Egbert rò pé ó ń bọ̀, kò sì sí ọmọ tó ń sá fún bọ́ọ̀lù. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Mo fi iná kan ihò náà.

Mi ò ní ròyìn ohun tí mo rí. Lammert ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tòun ti ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ń rọbí lápá. Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó gbé orí Egbert lé itan. Àwọn tó kù ń sáré bọ̀. Màmá mi gbá mi léjìká mú, ó bi mí pé ta ló fi ìdérí sí garawa.

"Bí Àǹkù Lammert ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn," ni mo wí. "Mo rò pé bọ́ọ̀lù ni."

Lammert gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó mọ bó ṣe fi í sílẹ̀. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Ó tún tẹrí ba, ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu ojú Egbert.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ó ní garawa òun ni, ìdérí òun ni, òun kò sì ti ilẹ̀kùn àká. Ó pa irọ́ tirẹ̀ lé irọ́ mi lórí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, òun sì dákẹ́ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Egbert fi sùn láìlajú. Dókítà sọ fún àwọn òbí wa pé apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kú, pé kò ní rìn mọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì máa wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kò ní rántí ọjọ́ náà láéláé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èyí tó kẹ́yìn yìí tù mí lára.

Ní ọjọ́ kẹta mo wálé wá kó aṣọ. Ilé ehoro ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Mo tú gbogbo koríko ibẹ̀, bọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀. Àwọn ehoro yó, kárọ́ọ̀tì tuntun wà níwájú wọn. Ẹ̀rù tó bà mí kò jẹ́ kí n bi ara mi pé ta ló bọ́ wọn.

Lammert wá sí ẹnu ọ̀nà wa ní ọ̀sẹ̀ kejì, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Màmá mi kò jẹ́ kó wọlé. Ó ní, "Má tún tẹ ilẹ̀ yìí mọ́. Bí mo bá kú, ẹlòmíràn ni yóò gbé mi." Lọ́dọ̀ wa, kò sí ọ̀rọ̀ tó burú ju ìyẹn lọ. Ọdún karùn-ún lẹ́yìn náà ni bàbá mi kú, àwọn ará ilé kẹta ló wá wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì gbé e. Lammert dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà nínú òjò, ó ṣí fìlà títí pósí fi kọjá. Kò sí ẹni tó wo ibi tó dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Egbert.

Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ: "Díẹ̀ ló kù." Òun ló sọ nígbà tó fi odindi àárọ̀ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi. Òun ló sọ nígbà tó kọ́kọ́ jókòó láìfara ti nǹkan. Ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ó dìde dúró, dókítà sì yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò. Ní ọmọ ọdún méjìlá ó fi ọ̀pá kan rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ọdún náà lọ, ní gbogbo ọjọ́ ìparí ọdún, á jáde sí ojú ọ̀nà, á rìn títí agbára rẹ̀ fi pin, á ní kí n kan èèkàn kékeré mọ́ ibi tó dé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e á gbìyànjú láti kọjá èèkàn náà. Màmá rò pé afárá orí odò ló ń lé. Èmi ló sọ fún pé ilé Lammert ni.

Ó ní Àǹkù Lammert fẹ́ràn òun, kò sì yé òun bí ẹni tó fẹ́ràn òun ṣe lè fi irin síbẹ̀ kó má sọ fún òun. Ó ní bí òun bá bi í, á sọ ìdí rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò pè é lórí ọgbà. Ó ní rárá, òun fẹ́ kí ó rí òun lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ tó ń dá a dúró láàyè nìyẹn, tó ń gbé e dìde ní gbogbo àárọ̀. Èmi ni mo mọ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ilé wa gan-an, pé èmi tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un ni ìdáhùn náà.

Àwọn ará abúlé a sì máa yìn mí. Wọ́n ní arábìnrin bí èmi ṣọ̀wọ́n, ẹni tó kọ ọkọ nítorí àbúrò. Mi ò jiyàn. Ìyìn náà dùn mọ́ mi nígbà mìíràn, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín.

Lọ́dún 1998, Egbert pé ọmọ ogún ọdún, ó sì dé ẹnu géètì Lammert.

Mò ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́ ní ojú fèrèsé. Mo rí Lammert tó jáde wá, tó dúró, tí kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Mo rí Egbert tó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. Ó ti la ẹnu. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan, ayé mi ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo lè dákẹ́. Gbogbo ohun tí mo ní láti ṣe ni kí n dákẹ́, iṣẹ́ tí mo ti mọ̀ dunjú fún ọdún méjìlá. Ṣùgbọ́n mo yí padà, mo kígbe pe màmá mi pé Lammert ti dá Egbert dúró lọ́nà.

Màmá sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń pariwo. Egbert yí padà lójijì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́.

Ọdún méjì ni kò fi lè dìde. Nígbà tó tún lè jókòó, ó bẹ̀ mí pé kí n lọ fa gbogbo èèkàn náà tu, nítorí òun máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Mo fi ọwọ́ ara mi fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kó wọn wọlé, ó kà wọ́n, ó ní, "Díẹ̀ ló kù." Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ehoro, mo sunkún. Síbẹ̀, mi ò jẹ́wọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ ju ogún ọdún lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, a rí i pé wọ́n ti fa gbogbo aṣọ fèrèsé ilé karùn-ún pa. Ó ti tó aago mẹ́wàá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí ìyẹn ti mọ̀ pé òkú wà nínú ilé náà. Jantien ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n a rí i tó ń rìn lẹ́yìnkùlé wọn láàárọ̀ náà, nítorí náà Lammert ló kú.

Màmá mi jókòó sídìí tábìlì, ó ní òun kò lọ. Egbert ti ń wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, bọ́tìnnì kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo.

"Aládùúgbò ni aládùúgbò," ó ní. "Mo ń lọ."

Ó fi ọ̀pá rìn, mo ń gbé àga tẹ̀lé e kó lè máa sinmi. A kọjá èèkàn tuntun kan, a kọjá òmíràn. Èyí tó kẹ́yìn jìnnà sí ilẹ̀kùn Lammert tó ogójì ìṣísẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì kọjá rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo pẹ́ jù."

Jantien kò sunkún. Ó ní òun mọ̀ pé a máa wá. Ó mú wa wọ yàrá tí Lammert dùbúlẹ̀ sí, tí wọ́n ti fi aṣọ funfun di àgbọ̀n rẹ̀, ó ní kí n wá kóòtù dúdú rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Egbert jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mo ṣì ń yẹ aṣọ wò nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

Ojú rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé orí sókè. Bọ́ọ̀lù pupa kan ló wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ti jáde lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí eruku kankan lórí rẹ̀. Lẹ́tà E dúdú kọjú sí wa.

Egbert ní kí n gbé e fún òun. Ọwọ́ mi kò dé ibẹ̀ dáadáa, tàbí kí n sọ pé ọwọ́ mi kọ̀. Jantien ló fi ọ̀pá rẹ̀ tì í wálẹ̀, tó gbé e lé orí itan Egbert.

"Tèmi ni," Egbert ní. "Báwo ló ṣe débí?"

Jantien kò wo ibi tí mo wà. Egbert nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Àwọn ehoro yín ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo yín ti wà ní ọsibítù. Lammert ní ẹran ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ebi á pa wọ́n. Ó lọ bọ́ wọn, ó sì bá a lábẹ́ koríko. Mo ní kó gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Ó ní ọmọdé ni. Ó ní ẹni tó fi í pamọ́ ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́ kan. Gbogbo ọjọ́ ìparí ọdún ló máa ń nu eruku kúrò lára bọ́ọ̀lù náà, tó máa ń ní, bóyá lónìí."

Egbert kì í tètè ronú dé ìdí ọ̀rọ̀ láti ìgbà ìjàǹbá yẹn, ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀, kì í dúró lọ́nà. Mo ń wò ó bó ṣe ń ṣírò rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́nu garawa. Òun wà ní iwájú pápá. Lammert wà ní ilé ẹran. Ó yí ojú sí mi.

"Aaltje. Ta ló lọ sí ilé ehoro?"

Ẹ gbà mí gbọ́, irọ́ tún yọjú. Mo ronú pé kí n ní bàbá wa ni, òkú kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n òkú mìíràn wà níwájú mi, tí kò jiyàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nítorí tèmi. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo yọ ọ́. Èmi ni mo fi irin síbẹ̀."

Ó ní kí n sọ ọ́ láti àárọ̀, kí n má fo nǹkan kan. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti kọ́kọ́rọ́, ti àwọn ará òdìkejì odò, ti bí mo ṣe pè é ní ohùn kékeré. Mo sọ ti fèrèsé náà pẹ̀lú, bí mo ṣe kígbe pe Màmá lọ́jọ́ tó dé ẹnu géètì. Jantien gbé kọfí wá, ó tutù lórí àga, kò sí ẹni tó mu ún.

Nígbà tí mo parí, mò ń retí èpè. Ó tọ́ sí mi. Egbert gbé ọwọ́ rẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà, ó ń fi àtàǹpàkò ra lẹ́tà E.

"Ṣé mo sáré dáadáa?" ó bi mí.

Mi ò kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Ìgbà tó yé mi ni ọkàn mi wá fọ́. Kò rántí ọjọ́ náà. Kò rántí sísáré rẹ̀ tó kẹ́yìn láyé, èmi nìkan ló sì wà láyé tí mo rí i.

Mo ní ó sáré. Mo ní mi ò rí ọmọ tó sáré bẹ́ẹ̀ rí.

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì?"

"Méjèèjì."

Ó wá sunkún, ó fi orí lé ẹ̀gbẹ́ Lammert, ó sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo na ọwọ́ sí i, ó sì gbé ejìká rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó rán mi létí pé aládùúgbò kìíní ló ń túfọ̀.

"Lọ sí gbogbo ilé," ó ní. "Sọ pé ó ti kú. Kí o sì sọ ohun tó o ṣe."

Ilé mẹ́sàn-án ni. Ẹni tó ń túfọ̀ kì í jókòó, kì í mu nǹkan, orí ìdúró ló ń jíṣẹ́ tó sì ń lọ. Ilé wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wa bí àlejò, mo ní Lammert ti kú, mo ní èmi ni mo fi ìdérí sí garawa. Màmá mi kò pariwo. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́, ó ní, "Ó dúró nínú òjò nígbà ìsìnkú bàbá yín." Ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀.

Mo jíṣẹ́ ní àwọn ilé tó kù. Ẹnìkan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú kí n tó parí. Bàbá arúgbó ilé kìíní ní òun ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ̀ láti bá Lammert mu kọfí, ó sì bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ti fi òun ṣe. Obìnrin kan ṣáà ń sọ pé, "Ìwọ kẹ̀? Ìwọ Aaltje?" Ní ilé kẹjọ ohùn mi ti há, mo tún fi ohùn tó há náà sọ ọ́.

Nígbà tí mo padà dé ilé karùn-ún, màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Ó ti gba kóòmù lọ́wọ́ Jantien, ó ń ya irun Lammert sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe máa ń yà á nígbà tí a ṣì ń kí ara wa.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Egbert fi ọ̀pá rẹ̀ rìn níwájú pósí títí dé ibojì. Gbogbo ènìyàn rọra ń rìn nítorí rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà.

Egbert kò bá wa padà sílé mọ́. Ó ní Jantien kò lè dá gbé. Láti ìgbà náà, bí mo bá kí i lórí ọgbà, á dáhùn, kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́tàlá nìyẹn. Màmá ń gbé oúnjẹ síwájú mi láìsọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní arábìnrin tó ṣọ̀wọ́n mọ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mi ò mọ ìmọ̀ràn kan tó ju èyí lọ: bí nǹkan kan bá wà tí ẹ fi pamọ́ sábẹ́ koríko, ẹnìkan ti lè rí i, ó lè máa nu eruku rẹ̀, ó lè máa dúró dè yín. Ẹ lọ kí ó tó kú. Mo rò pé Egbert nìkan ló ń gbé pẹ̀lú ìrètí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mi ò mọ̀ pé Lammert náà ń retí, èmi ló sì ń retí.

Ọjọ́ ìparí ọdún tó kọjá, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mò ń fún àwọn ehoro lóúnjẹ. Wọ́n ń yin garawa níbòmíràn, ariwo rẹ̀ jìnnà. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pe orúkọ mi. Egbert dúró ní àárín pápá láìsí àga, bọ́ọ̀lù pupa náà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ti fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó le koko.

Mo lọ bá a. Kò kí mi. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé bọ́ọ̀lù náà sókè, ó jù ú kọjá lórí mi, ó jìnnà, ó bọ́ sínú yìnyín.

"Lọ mú un wá," ó ní.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí, orúnkún mi kò sì gbọ́ràn mọ́. Mo sáré. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dìde, mo gbé e, mo sáré padà wá, mo fi í lé e lọ́wọ́. Ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu yìnyín kúrò lára rẹ̀, ó wò mí bí mo ṣe ń mí gúlegúle.

"O ò mọ eré sá," ó ní.

Ó tún jù ú. Mo tún sáré tẹ̀lé e.